Oúnjẹ Ilé Ọtí Írẹ́lándì: Ta Ni Ó Sọ Ọ́ Di Ìbílẹ̀?

Ẹni tí ó bá wọ ilé ọtí Írẹ́lándì lónìí, ì báà jẹ́ ní Dublin, ì báà jẹ́ ní Paris, yóò bá ìwé oúnjẹ lórí tábìlì. A ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé «oúnjẹ ìbílẹ̀» ni: ọbẹ̀ ẹran àgùntàn pẹ̀lú ọ̀dùnkún òyìnbó (pomme de terre), ẹran màlúù tí a fi ọtí dúdú Guinness sè, ẹja díndín. A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí oúnjẹ tí ó dùn. Ọ̀rọ̀ «ìbílẹ̀» yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí pé àwa náà ń lò ó nínú ẹgbẹ́ wa, a kì í sì í sábà bèèrè ìdí rẹ̀.

Ilé ọtí Írẹ́lándì àtijọ́ kì í ṣe ilé oúnjẹ. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, ìsọ̀ ni: apá kan ń ta tíì, ṣúgà àti ìṣó, apá kejì ń ta ọtí. Ẹni tí ebi bá ń pa a lọ sílé rẹ̀. (Buvette tiwa kò jìnnà sí i: ọtí wà nínú ilé, ìyá alákàrà wà níta.) James Joyce jẹ́rìí sí i nínú Ulysses, ìwé tí a tẹ̀ jáde ní Paris ní 1922, tí ìtàn rẹ̀ wáyé ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 1904. Leopold Bloom wọ ilé oúnjẹ kan, bí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ṣe ń jẹun sú u, ó jáde, ó gba ilé ọtí Davy Byrne lọ. Kí ni ó jẹ níbẹ̀? Búrẹ́dì pẹ̀lú wàràkàṣì gorgonzola láti Ítálì, àti ife wáìnì Bourgogne. Oúnjẹ ilé ọtí tí ó lókìkí jù nínú ìwé Írẹ́lándì nìyí, Ítálì àti Faransé ni ó sì ti wá!

Ẹja díndín pẹ̀lú ọ̀dùnkún náà, àwọn ará Ítálì tí ó wá ṣe àtìpó ni ó gbé e wọ Dublin. Ọbẹ̀ àgùntàn jẹ́ ti Írẹ́lándì ní tòótọ́, ṣùgbọ́n inú ilé tálákà ni ó ti wá: ẹran ọrùn tí owó rẹ̀ kò pọ̀, àlùbọ́sà, ọ̀dùnkún, omi. Nígbà tí àrùn kọlu ọ̀dùnkún ní 1845, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn kú láàrin ọdún díẹ̀, ó lé ní mílíọ̀nù kan tí ó sá kúrò nílùú. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ òkun ṣì ń kó ọkà àti ẹran jáde láti èbúté ilẹ̀ náà. Ìwé oúnjẹ kì í sọ èyí.

Èyí tí ó kàn wá jù ni ẹran màlúù oníyọ̀. Òun ni àwọn ilé ọtí Írẹ́lándì ti Amẹ́ríkà ń gbé kalẹ̀ pẹ̀lú kábéèjì ní ọjọ́ Patrick Mímọ́, 17 oṣù kẹta. Ní Írẹ́lándì fúnra rẹ̀, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ ni wọ́n fi ń jẹ kábéèjì. Màlúù jẹ́ ohun títà. Ní Cork ni wọ́n ti ń pa á, tí wọ́n ń fi iyọ̀ pa á lára, tí wọ́n ń dì í sínú àgbá fún àwọn ọkọ̀ ogun àti àwọn erékùṣù Kàríbíà, ti Faransé pẹ̀lú. Code Noir, òfin tí ọba Faransé ṣe ní 1685, sọ pé kí ẹrú tí ó ti tó ọmọ ọdún 10 máa gba livre 2 ẹran màlúù oníyọ̀ lọ́sẹ̀, tàbí livre 3 ẹja. Ọ̀pọ̀ olówó ẹrú kò pa á mọ́. Àwọn tí ó sì ń rà á, èyí tí ó burú jù nínú ẹran Cork ni wọ́n ń rà fún ẹrú. Ní Saint-Domingue, àwọn tí wọ́n ń pè ní «Nago» wà lára àwọn tí òfin yìí kàn: àwọn ènìyàn wa ni, tí a kó gba etíkun wa níhìn-ín kọjá. Ẹran tí ebi kò jẹ́ kí àgbẹ̀ Írẹ́lándì tọ́ wò, ẹni tí a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè ni ó jẹ ẹ́. Tí a bá pè é ní «oúnjẹ ìbílẹ̀» láìsọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ti pa ìtàn mọ́.

Ní ti òde òní, ojú rere ni a fi wò ó ju bí a ti rò lọ. Òfin tí ó lé sìgá kúrò nínú ilé ọtí ní 2004, àti òfin tí ó le mọ́ awakọ̀ tí ó mutí, mú kí àwọn onílé ọtí máa wá owó nídìí ìkòkò. Ọ̀pọ̀ ló ń yọ ọ̀dùnkún díndín láti inú yìnyín, èyí kò yẹ fún ìyìn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà létí òkun ń se ọbẹ̀ ẹja pẹ̀lú mílíìkì, wọ́n ń fi búrẹ́dì dúdú tì í, ẹja náà sì ti inú omi tiwọn wá. Oúnjẹ yìí kò pe ara rẹ̀ ní àtijọ́. Ó tẹ́ wa lọ́rùn ju ògiri ilé ọtí tí wọ́n ṣe ní Írẹ́lándì, tí wọ́n dì sínú àpótí, tí wọ́n sì tún kàn pọ̀ ní ìlú mìíràn kí ó lè dà bí ohun ogún.

Ní ti kárọ́ọ̀tì nínú ọbẹ̀ àgùntàn, àwọn ará Írẹ́lándì fúnra wọn ṣì ń jiyàn lé e. Àwọn kan ní èèwọ̀ ni. A kò dá sí i.