Farabiti àti Samanja: ẹnu ọmọ ogun nínú Burma Boy

Bàbá Biyi Bandele jagun ní Bọ́mà. Ìtàn tó sọ fún ọmọ rẹ̀ ló di orísun Burma Boy (2007). Àwọn Chindit ni ìwé náà dá lé, ọmọ ogun àkànṣe tí Orde Wingate rán lọ jà lẹ́yìn àwọn ọmọ ogun Jàpáánì ní 1944. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, níbi tí Wingate ti wà ní Káírò, gùn jù lójú tèmi. Ẹnu àwọn ọmọ ogun ni ọ̀rọ̀ wà. Gẹ̀ẹ́sì ni a ń kà, Hausa ni wọ́n ń sọ, òǹkọ̀wé sì fi orúkọ ipò wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é: Farabiti Banana, Samanja Damisa. Private àti sergeant-major ni Hausa tún rọ báyìí, bí àwa náà ṣe sọ soldier di sọ́jà. Ipò tí òyìnbó fún wọn ti di tiwọn lẹ́nu. Òun ni wọ́n fi ń ṣàwàdà láàárín òkú.

Ṣùgbọ́n ìwé náà kò bá Ali Banana délé. Bí ẹni tó ti ojú ogun dé ṣe ń rí ọ̀rọ̀ sọ fún ọmọ rẹ̀, èyí tó bí ìwé yìí gan-an, kò sí nínú rẹ̀.