Àmì tí Atẹ̀wé Gbé Sọnù: Lámèyítọ́ lórí Ìwé Pẹlẹbẹ Yorùbá ní Àyíká Ojú Ẹlẹ́gbà

Ìwé pẹlẹbẹ kì í sábà wọ inú ohun tí àwa onímọ̀ lítíréṣọ̀ ń ṣe lámèyítọ́ lé lórí. Síbẹ̀, òun ni ó ń wọ ilé tí ìwé ìtàn-àròsọ kì í wọ̀: ìwé ètò ìsìnkú, ìwé orin ìjọ, ìwé àdúrà, ìwé oríkì tí àwọn ọmọ olóògbé fi ń ṣe ẹ̀yẹ fún òbí wọn. Ní Èkó, púpọ̀ nínú wọn ni a ń ṣètò tí a sì ń tẹ̀ láàárín Yàbá, Muṣin àti Ṣómólú, ní àyíká tí Ojú Ẹlẹ́gbà jẹ́ oríta rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé iṣẹ́ ẹni tí ó to ọ̀rọ̀ sójú ìwé jẹ́ ara ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, àti pé ọ̀nà tí a gbà ń ka iṣẹ́ àwọn gbajúmọ̀ oníṣẹ́ gíráfíìkì kò tíì jẹ́ kí a rí i bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ yìí ní Èkó kọ́kọ́ máa ń dárúkọ ni Lemi Ghariokwu, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Èkó ni a ti bí i ní 1955. Ó kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́. Èèpo àwo orin Fela tí ó yà jẹ́ 26. Alagbon Close, tí ó jáde ní 1974, ni àkọ́kọ́ wọn. Ilé Fela ní Agege Motor Road, tí wọ́n dáná sun ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì 1977, kò jìnnà sí Ojú Ẹlẹ́gbà rárá. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń jí wò lára Ghariokwu ni àwọ̀ tí ó ta yọ àti èrò tí ó kún ojú àwòrán fọ́fọ́. Èmi rò pé ibi tí agbára rẹ̀ wà kọ́ nìyẹn. Ó máa ń gbọ́ orin náà dáadáa kí ó tó ya ohunkóhun, ó sì máa ń dá èrò tirẹ̀ lé e. Lórí Alagbon Close, Fela já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ẹja ńlá sì dojú ọkọ̀ ojú omi àwọn ọlọ́pàá dé. Lámèyítọ́ ni ọkùnrin yìí; àwòrán ni ó fi ń kọ ọ́. Àmọ́ ẹ wo orúkọ Alágbọn fúnra rẹ̀ lórí èèpo kan náà: kò sí àmì kankan lábẹ́ rẹ̀ tàbí lórí rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ orúkọ náà rí kò lè pè é.

Bákan náà ni a lè wo Bruce Onobrakpeya, tí ilé iṣẹ́-ọnà rẹ̀ wà ní Papa Àjàó ní Muṣin. Òun ni ó ya àwòrán sínú ìwé tí Wọlé Ṣóyínká fi túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Àwòrán rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ojú ìwé lásán; ó ka Fágúnwà kí ó tó gbẹ́ ẹ.

Nínú àwọn ará òkèèrè, Jan Tschichold ni ó wúlò jù fún ọ̀rọ̀ wa. Ọmọ Jámánì ni. Láàárín 1947 sí 1949 ó tún ìrísí àwọn ìwé Penguin ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà tí ó fi ń pín ojú ìwé ni a ń fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ohun tí ó gbà á lákòókò ní Penguin, síbẹ̀, ni àlàfo àárín lẹ́tà, àmì ìdánudúró, àmì àyọlò, àní àwọn ohun tíntìntín tí òǹkàwé kì í kíyè sí àfi bí wọ́n bá bàjẹ́. Ká ní èdè Yorùbá ni ó bá pàdé, ibi àmì ohùn ni ì bá ti bẹ̀rẹ̀.

Àmì wọ̀nyí kì í ṣe nǹkan tuntun. Ìpàdé lórí àkọtọ́ wáyé ní Èkó ní 1875. Ìwé Ayọ̀ Bámgbóṣé lórí àkọtọ́ jáde ní 1965. Ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974. Ìṣòro tòní wà nínú kọ̀ǹpútà. Nínú ètò Unicode, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, é náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni kọ̀ǹpútà ń so pọ̀ láti kọ ọ́, fọ́ǹtì ni ó sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àmì náà yóò bà sí. Fọ́ǹtì tí ó kọ é lọ́nà tó dùn ún wò lè ju àmì ẹ́ sórí lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e. Gentium àti Noto Serif mọ iṣẹ́ yìí, ọ̀fẹ́ sì ni àwọn méjèèjì. Nítorí náà, bí atẹ̀wé bá sọ pé fọ́ǹtì kò gbà á, fọ́ǹtì tí ó yàn ni kò gbà á.

Fọ́ǹtì nìkan kò tó ṣá. Àlàfo tí ó wà láàárín ìlà kan sí èkejì nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì kéré fún Yorùbá, torí pé àmì wà lókè, àmì sì wà nísàlẹ̀. Bí a bá lo àlàfo kan náà, àmì abẹ́ ọ̀ yóò kan àmì orí á tí ó wà ní ìlà kejì. Ìwé pẹlẹbẹ tí a ká sí méjì tí a fi píìnì dè láàárín gbọ́dọ̀ ní ojú ìwé tí a lè fi mẹ́rin pín: nínú olójú-ìwé 16, ojú ìwé 1 àti 16 ni wọ́n jọ wà lójú bébà kan, 2 àti 15 sì jọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wá di ojú ìwé 18, ẹni tí ó ń ṣètò kì í fẹ́ dín fọ́tò kù. Oríkì ni ó ń sọ di kékeré, títí àmì rẹ̀ yóò fi dà bí ìdọ̀tí. Èyí tí ó burú jù ni ti ìwé ìsìnkú: ọ̀rọ̀ funfun lórí ilẹ̀ elésè-àlùkò. Nígbà tí àwọ̀ mẹ́rin bá jọ tẹ ojú kan, tí pléètì kan sì yẹ̀ díẹ̀, yíǹkì yóò di ihò tí ó yẹ kí àmì funfun ti yọ. Àwọn lẹ́tà yóò yè é. Àmì abẹ́ wọn kò ní yè. Ọ̀rọ̀ dúdú tí a fi yíǹkì dúdú nìkan tẹ̀ sórí bébà funfun ni ó ń dáàbò bo Yorùbá, bí kò tilẹ̀ dùn lójú oníbàárà.

Àwọn kan yóò ní òǹkàwé á mọ ohun tí a ní lọ́kàn láìsí àmì. Ta ni òǹkàwé náà? Ká ní ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀ ni olóògbé. Tí a bá tẹ "omo Owo", ọmọ owó ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ojú. Ti Òwu burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: láìsí àmì, "omo Owu" lè di ọmọ owú. Àgbàlagbà tí ó mọ ìdílé náà kò ní ṣìnà, àmọ́ òun kọ́ ni ó nílò ìwé. Oríkì wà ní ẹnu rẹ̀. Ọmọ-ọmọ tí ó ti London tàbí Houston wá sí òkú, tí ó sì gbé ìwé pẹlẹbẹ náà padà sílé gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo tí ó ní nípa ìran rẹ̀, ni ó nílò àmì.

Kì í ṣe àwọn atẹ̀wé nìkan ni ẹ̀bi yìí wà lọ́rùn wọn. Àwa tí a ń kọ́ni ní Yorùbá máa ń gbé iṣẹ́ fún wọn láìsí àmì, tí a ó ní kí wọ́n bá wa tètè tẹ̀ ẹ́. Yaba College of Technology, tí a dá sílẹ̀ ní 1947, kọjá Ojú Ẹlẹ́gbà díẹ̀. Ó ní ẹ̀ka tí ó kó iṣẹ́-ọnà, ìyàwòrán-ṣètò àti ìtẹ̀wé pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan. Ẹ̀ka Yorùbá kan lè bá wọn ṣe àdéhùn ìdánwò kékeré: oríkì olójú-ìwé mẹ́jọ, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣètò, tí a ó sì máaki rẹ̀ lójú bébà tí ó ti ẹ̀rọ jáde, kì í ṣe lójú kọ̀ǹpútà. Kí olùkọ́ Yorùbá kan sì wà níbẹ̀ láti kà á sókè.