Ọkọ̀ Ẹrú àti Òpópó Detroit

Bí Yorùbá kan bá wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Charles H. Wright ní ìlú Detroit, kì í pẹ́ kí ó tó máa wá ojú baba ńlá tirẹ̀ kiri níbẹ̀. Kì í sábà rí i. Láti Senegambia, Kóńgò òun Àǹgólà, àti ilẹ̀ Ìgbò ni púpọ̀ nínú àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà Àríwá ti wá. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń tú, Bàhíà àti Kúbà ni a kó ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ènìyàn tiwa lọ.

Inú ọkọ̀ ẹrú ni gbogbo àlejò ń ròyìn, níbi tí ère àwọn tí a dè mọ́lẹ̀ gbé sùn. Ó bani lẹ́rù nítòótọ́, ṣùgbọ́n ìlú yòówù lè kan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Òpópó Detroit àtijọ́ tí wọ́n tún kọ́ sínú ilé náà ni kò lè sí níbòmíràn. Ní àwọn ọdún 1950 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1960 ni ìjọba wó Black Bottom àti Paradise Valley, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n sì la ọ̀nà mọ́tò Chrysler gba ibẹ̀. Ní 1965, kí eruku rẹ̀ tó rọlẹ̀ tán, ni Dókítà Wright, agbẹ̀bí, dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí sílẹ̀.

Lójú mi, òpópó náà mọ́ jù. And Still We Rise ni wọ́n pe àfihàn náà, tí wọ́n ṣí ní 2004: àkọlé náà ti sọ ìparí ìtàn kí àlejò tó wọlé. Àdúgbò tí a wó kò dìde. Ẹni tó bá sì wakọ̀ kúrò níbẹ̀ lọ sí àárín ìlú lè gba orí rẹ̀ kọjá láìmọ̀.