Omidùn, Ògì àti Ọ̀rọ̀ Ìwòsàn: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Lórí DogiK

Kò sí ìlú Yorùbá kan, ìbáà ṣe Ìsundúnrin ní agbègbè Èjìgbò, ìbáà ṣe Ìbàdàn, tí wọn kò ti mọ omidùn, èyíinì ni omi kíkan tí ó máa ń tòrò sórí ògì. Òun ni wọ́n fi ń rẹ ewé àti egbò fún àgbo. Òun náà ni àwọn ìyá mìíràn ń fún ọmọ tí ń yàgbẹ́ gbuuru mu. Ní ọdún 1994, D. K. Olukoya àti àwọn mẹ́ta mìíràn tẹ ìwádìí kan jáde tí ó sún mọ́ ọ̀ràn yìí. Nínú àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń mú ògì kan, wọ́n ṣa èyí tí ó lè dènà kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru, wọ́n sì fi ṣe ògì tí wọ́n pè ní DogiK.

Iṣẹ́ náà níyì, àkọlé rẹ̀ sì mọ ìwọ̀n ara rẹ̀: ohun tí DogiK lè wúlò fún ni ó sọ, kò sọ pé ó ti wo ẹnikẹ́ni sàn. Ọwọ́ àwọn kan tí ó tọ́ka sí i lẹ́yìn náà ni àléébù wà, àwọn tí ó sọ "ó lè ṣe é" di "ó ń ṣe é".

Ó kéré tán, ohun méjì ni ó wà nínú ògì tí ó lè pa kòkòrò. Èkíní ni kíkan rẹ̀ gan-an. Èkejì ni bákítéríósììnì, ẹ̀yà purotéènì kékeré tí kòkòrò kan ń pèsè láti fi pa òmíràn. Bí a kò bá kọ́kọ́ pa agbára kíkan náà, kí a sì fi èròjà tí ń da purotéènì dán an wò, a kò lè mọ èyí tí ó ṣiṣẹ́. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé E. coli àti Shigella ní awọ òde tí púpọ̀ nínú irú bákítéríósììnì bẹ́ẹ̀ kò lè là kọjá. Inú ènìyàn a sì máa da purotéènì bí ó ti ń da oúnjẹ.

Colistin, tí òun náà ti ara kòkòrò inú ilẹ̀ wá, ń borí awọ yìí. Ṣùgbọ́n ó lè ba kíndìnrín jẹ́, nítorí náà àwọn dókítà fi í pamọ́ de àìsàn tí oògùn mìíràn kò ràn. Síbẹ̀, ní ọdún 2015, ìròyìn jáde láti Ṣáínà nípa mcr-1, àbùdá tí kòkòrò lè fi fún ara wọn, tí ó ń sọ colistin di aláìlágbára.

Nítorí náà, ẹni tí yóò pe omidùn ní oògùn fún kòkòrò tí ó ti borí oògùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán an wò lára irú kòkòrò bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà lára aláìsàn. Kí ìyẹn tó wáyé, oúnjẹ rere ni ògì. Ọmọ tí ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ.