Èèpo Tí Kò Tètè Bẹ́

Bí ọyẹ́ bá dé, tí oòrùn ọ̀sán sì mú, ẹ lọ dúró létí oko sóyà tó ti gbẹ. Ẹ ó gbọ́ ọ: pá, pá, pá. Èèpo ń bẹ́, irúgbìn ń ta sílẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti bí irú sóyà tí kò ní máa dún bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọ̀hún sì wù mí dọ́kàn.

Ire ara rẹ̀ ni sóyà tó ń bẹ́ ń ṣe, nítorí nínú igbó, irúgbìn tí kò bá kúrò lábẹ́ ìyá rẹ̀ kì í rí àyè dàgbà. Abala méjì tó lẹ̀ mọ́ra ni èèpo náà, fọ́nrán líle sì wà nínú abala kọ̀ọ̀kan. Bí omi bá ti ń tán lára rẹ̀, fọ́nrán á máa fà, abala kan á fẹ́ lọ́ kúrò lára èkejì, títí ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra yóò fi já. Ní 2014, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Jàpáàn fi hàn pé jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní Pdh1 ló ń mú kí èèpo lè lọ́ báyẹn. Sóyà tí jíìnì yìí kò ṣiṣẹ́ mọ́ lára rẹ̀ kì í lọ́ púpọ̀.

Kì í ṣe torí oúnjẹ nìkan la fi ń gbin sóyà. Ewé rẹ̀ ń bo ilẹ̀ mọ́ koríko lórí, kókó ara gbòǹgbò rẹ̀ ń gba náítírójìn inú afẹ́fẹ́, àgbàdo tó bá tẹ̀lé e lórí ilẹ̀ náà á sì jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí kò ní ẹ̀rọ ìkórè, tí iṣu àti àgbàdo ṣì ń dúró dè, kò lè sáré dé ìdí sóyà lọ́jọ́ tó gbẹ. Kó tó dé ibẹ̀, irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ ti di ti eku àti ẹyẹ.

Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí vetch ní Amẹ́ríkà, ewéko tí wọ́n ń gbìn láti fi bo ilẹ̀ nígbà òtútù, ní ìdààmú tó ju tèmi lọ. Oyin ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó rẹ̀ kiri, èyí tó dáa á sì tún dàpọ̀ mọ́ èyí tí kò dáa. Irúgbìn rẹ̀ tó bá ta sílẹ̀ lè sùn pẹ́ kó tó hù, ó di èpò láàárín àlìkámà. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi.

Sóyà tèmi ń gba lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀ kí òdòdó tó là. Nítorí náà, òwúrọ̀ la máa ń fi ẹ̀mú kékeré ṣí òdòdó tí kò tíì là, ká yọ akọ inú rẹ̀, ká fi lẹ́búlẹ́bú irú mìíràn kàn án. Púpọ̀ nínú wọn ló ń rẹ̀ dànù. Èyí tó bá mú lè so irúgbìn méjì tàbí mẹ́ta péré, ìran lórí ìran la ó sì ti fi ṣà á.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ìdúró. Gbogbo ayé ń kórè, èmi fi ebè tèmi sílẹ̀ fún ọyẹ́, mo ń ka èyí tó ti bẹ́. Àwọn kan ń kó èèpo sínú ẹ̀rọ ìgbóná ní ìwọ̀n 60 lórí Celsius kí èsì lè tètè jáde. Ó wúlò, àmọ́ oko ni mo gbà gbọ́. Líle èèpo nìkan kò sì tó: èyí tó bá le jù, apá àwọn obìnrin tó ń fi igi lù ú ni yóò jìyà rẹ̀. Èyí tí kò ní bẹ́ fún oòrùn, tí yóò sì gbọ́ràn sí igi lẹ́nu, òun gan-an ni mo ń wá. Irú sóyà TGx 1448-2E, tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn bí, wà lára àwọn tó ń dúró dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra irúgbìn sóyà, ẹ má béèrè iye àpò tí yóò fún yín nìkan. Ẹ béèrè iye ọjọ́ tó lè dúró lóko lẹ́yìn tó bá gbẹ. Bó ti wù kó dúró tó, ẹ kórè rẹ̀ láàárọ̀, nígbà tí ìrì ṣì wà lára èèpo.