Ìlù Àyálò, Ẹnu Tiwa

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá wà nílé ìwé girama ní nǹkan bí 1998, ẹ ò ní ṣàìmọ orin tí wọ́n ń pè ní "Sakomo". Ní Ìlobù níbí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí a kì í ti í gbọ́ ọ. Àwọn mẹ́ta ló kọ ọ́: Eddy Remedy, Tony Tetuila àti Eedris Abdulkareem, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Iléṣà bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kano ni wọ́n bí i sí. The Remedies ni wọ́n ń jẹ́. Peace Nigeria ni wọ́n sọ àwo wọn àkọ́kọ́. (Àlàáfíà! Àwa tí a wà ní Ìlobù àti Ìfọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, a mọ iye tí wọ́n ń ta ìyẹn.)

Ohun tí àwọn tó mọ̀ nípa orin ò yéé fi bú wọn ni pé ìlù "Sakomo" kì í ṣe tiwọn. Òótọ́ ni. Ìlù orin MC Lyte, ọmọbìnrin Amẹ́ríkà, tó kọ "Keep On, Keepin' On" ní 1996, ni wọ́n gbé, tí wọ́n da ọ̀rọ̀ tiwọn lé lórí. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. MC Lyte fúnra rẹ̀, ara "Liberian Girl" ti Michael Jackson, tó jáde ní 1987, ló ti bù ú. Michael ẹ̀wẹ̀, Letta Mbulu, akọrin ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ló bá a sọ èdè Swahili sí ìbẹ̀rẹ̀ orin yẹn. Ta wá ni olè níbẹ̀? Àní "Rapper's Delight" ti 1979, tó gbé hip hop dé etí ayé, orí ìlù àwọn Chic ló jókòó lé. Àwọn yẹn sì jà títí orúkọ wọn fi wọ̀ ọ́.

Mi ò ní kí èèyàn máa gbé ẹrù ẹlẹ́rù o. Ohun tó fà á ni ká wò. Náírà ti di yẹpẹrẹ, àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá ti òkè òkun ti palẹ̀ mọ́. Ọmọ tí kò lówó onígìtá àti onífèrè, kí ni kó ṣe? Kenny Ogungbe àti Dayo Adeneye, àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Ray Power, rédíò aládàáni tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994, ló dá Kennis Music sílẹ̀ tí wọ́n gba àwọn ọmọ náà. Ẹni tó ni àwo ló tún wà nídìí rédíò! Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn ń bí. Èkó ni rédíò yẹn wà. Ní tiwa, kásẹ́ẹ̀tì ló gbé e dé.

Ẹnu wọn ni mo fẹ́ràn. Ìlobù, ìlú Ẹ̀rìnlẹ̀, ìlú ọdẹ ni. Ẹni tó ń da ọ̀rọ̀ wuuru, tó ń fọ́nnu, tó ń na ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́rọ̀, kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Oríkì kan náà ni àwọn oníjàálá ń sun, kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n lólè. Ohun tí kálukú bá fi kún un ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Bó bá sì ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á dá a lóhùn lójú agbo. Òṣùwọ̀n yìí ni mo fi wọn The Remedies. Níbi tí wọ́n bá ti ń da Yorùbá pọ̀ mọ́ píjìn, orin yẹn ń jó fúnra rẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi imú sọ̀rọ̀ bí ará New York, ó kú fin-ín. Ohùn Eedris ló sì máa ń jí i, ohùn tó há bíi ti ẹni tó sun ìta mọ́jú.

Ẹgbẹ́ náà kò pẹ́ tó fi tú ká. Ohùn háhá yẹn náà ló wá kọ "Jaga Jaga" ní 2004, tí Ààrẹ Ọbásanjọ́ fi bínú. Nígbà tí Dagrin gbé C.E.O. jáde ní 2009, Yorùbá ti gba iwájú, ìlù tí Sossick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fún un ló sì fi kọ ọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá máa tún Peace Nigeria tẹ̀ lónìí, kó kọ orúkọ MC Lyte àti Michael Jackson gàdàgbà sẹ́yìn páálí rẹ̀. Kó sì fi ohùn Eedris sílẹ̀ bó ṣe há yẹn, kó má fi ẹ̀rọ nù ún.