Ẹni Tó Gbé Orin Dúró: Àwọn Ọ̀gá Onídọ́ọ̀bù-Báàsì Nínú Orin Jáàsì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òwe là ń lu agídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n.   Òwe yìí ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, nítorí agídìgbo gan-an ló bá ohun tí mo fẹ́ sọ mu. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá, ẹ rántí ohùn kan tó máa ń dún nísàlẹ̀, tí kì í pariwo, tí kì í ní kí a wo òun. Ìlù ń sọ̀rọ̀, Hárúnà ń kọrin, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ agídìgbo kúrò, orin náà kò ní lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ tí agídìgbo ń ṣe nínú àpàlà ni dọ́ọ̀bù báàsì ń ṣe nínú orin jáàsì ti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà.

Ọ̀pọ̀ wa ló mọ Louis Armstrong, a sì mọ Miles Davis. Ta ló mọ orúkọ ẹni tó dúró sẹ́yìn wọn pẹ̀lú ohun èlò gàgàrà yẹn? Àwọn tó tilẹ̀ mọ̀ wọ́n sábà máa ń fi bí ìka wọn ṣe yára tó wọ̀n wọ́n. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, etí la fi ń mọ ọ̀gá onibáàsì, kì í ṣe ìka. Ẹni tó ń gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn ń ṣe, tó sì mọ ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí kí ẹlòmíràn lè rí ibi dúró, òun ni ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n fi àwọn àwo díẹ̀ ṣe ẹ̀rí.

IRÚ OHUN ÈLÒ WO NI?

Dọ́ọ̀bù báàsì dà bíi gòjé tó di òmìrán. Ó ga ju ènìyàn lọ. Okùn mẹ́rin ló sábà máa ń wà lára rẹ̀, ẹni tó ń ta á yóò sì gbá a mọ́ra bí ìyá ti ń gbá ọmọ. Nínú orin ilé ìjọsìn àti ti àwọn ọba Yúróòpù, ọrun ni wọ́n sábà fi ń fà á. Àwọn oníjáàsì sábà máa ń fi ìka ta á. Iṣẹ́ rẹ̀ pín sí méjì. Èkíní, ó ń ka ìgbésẹ̀ orin, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, bí ẹni tó ń rìn lójú ọ̀nà tí kò kánjú. Èkejì, ó ń fi han onífèrè ibi tí orin dé, kí ó má baà ṣìnà nígbà tó bá ń dá àrà tirẹ̀.

JIMMY BLANTON: ẸNI TÓ ṢÍLẸ̀KÙN

Kí Jimmy Blanton tó dé, ìgbésẹ̀ kíkà ni ọ̀pọ̀ onibáàsì mọ̀. Duke Ellington gbà á sínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1939, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ogún ọdún. Ẹ wá "Jack the Bear" ti ọdún 1940, kí ẹ gbọ́ bí gbogbo ẹgbẹ́ ńlá yẹn ṣe ń dákẹ́ kí báàsì lè sọ̀rọ̀. Ní ọdún kan náà, Ellington jókòó sídìí píánò, ó sì gba àwọn orin kan sílẹ̀ tó jẹ́ òun àti Blanton nìkan ló wà níbẹ̀. "Pitter Panther Patter" jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Kì í ṣe ọ̀gá àti ọmọọṣẹ́ lẹ́ ń gbọ́ níbẹ̀, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni. Ó ṣeni láàánú pé ikọ́ ife pa Blanton ní ọdún 1942, ní ọmọ ọdún 23. Bí ọdún méjì ló lò nínú ẹgbẹ́ yẹn, síbẹ̀ kò sí onibáàsì jáàsì tó dé lẹ́yìn rẹ̀ tí kò jẹ ẹ́ ní gbèsè.

PAUL CHAMBERS: NÍGBÀ TÍ ELÉGBÈ DI ADÁRIN

Bí ẹ bá fẹ́ ra àwo jáàsì kan ṣoṣo láyé yín, "Kind of Blue" ti Miles Davis ni kí ẹ rà. Orin àkọ́kọ́ inú rẹ̀, "So What", ni wọ́n gbà sílẹ̀ ní New York ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta, ọdún 1959. Lẹ́yìn tí píánò àti báàsì bá ti rọra ṣílẹ̀kùn, Paul Chambers ló ń lé orin, àwọn onífèrè ló ń gbè é. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: Miles Davis àti John Coltrane wà níbẹ̀, àwọn tí gbogbo ayé ń wárí fún, àwọn ló sì di elégbè fún ọmọ ọdún 23. Chambers kò fi àyè yẹn ṣe fáàrí. Ó sọ ìwọ̀nba ohun tó fẹ́ sọ, ó dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n dáhùn, ó tún sọ. Nígbà tí àwọn onífèrè bọ́ síwájú, ó padà sẹ́yìn, ó ń rìn ìrìn rẹ̀ lọ láìkọsẹ̀. Ẹni tó lè jáde síwájú, tó sì lè padà sẹ́yìn láìbínú, ẹni iyì ni. Òun náà kò dàgbà. Ikọ́ ife ló pa á ní ọdún 1969, ní ọmọ ọdún 33.

CHARLES MINGUS: BÁÀSÌ TÓ Ń BÍNÚ

Charles Mingus yàtọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ọ̀gá ẹgbẹ́, òun ló ń ṣẹ̀dá orin, kò sì mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Nínú "Haitian Fight Song", tó wà nínú àwo "The Clown" ti ọdún 1957, òun nìkan ló kọ́kọ́ ń ta báàsì, bí ẹni ń ronú lóru, kí àwọn yòókù tó dìde tẹ̀ lé e bí ogun. Ní ọdún 1957 kan náà ni gómìnà Arkansas, Orval Faubus, kó sójà dí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Little Rock kí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú mẹ́sàn-án má baà wọlé. Mingus fi orin "Fables of Faubus" dá a lóhùn. Ní ọdún 1959, nínú àwo "Mingus Ah Um", orin náà jáde láìní ọ̀rọ̀ lẹ́nu; ní ọdún 1960, ó tún un gbà sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ míràn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn lẹ́nu. Ẹ gbọ́ méjèèjì. Ní tèmi, ti àkọ́kọ́ ló dùn jù, nítorí ohùn orin nìkan ti tó bú gómìnà náà.

LAFARO ÀTI GARRISON

Scott LaFaro ni àwọn olùfẹ́ ìka yíyára máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, òótọ́ sì ni pé ìka rẹ̀ yára. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ pẹ̀lú Bill Evans onípíánò nínú "Sunday at the Village Vanguard", tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà, ọdún 1961. Ibi tí Evans bá ti mí ni LaFaro ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ibi tó bá ti dákẹ́ ni Evans ń bá a parí rẹ̀. Etí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 11 lẹ́yìn náà ni ìjàm̀bá ọkọ̀ gbẹ̀mí rẹ̀, ní ọmọ ọdún 25. Ẹni tí kò tíì gbọ́ jáàsì rí lè má tètè gbádùn àwo yìí. Ẹ fi sílẹ̀ títí etí yín yóò fi là.

Jimmy Garrison ni òdìkejì rẹ̀. Nínú "A Love Supreme" tí John Coltrane gbà sílẹ̀ ní oṣù kejìlá, ọdún 1964, ìró mẹ́rin péré ni Garrison fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ń tún un ta títí ìró mẹ́rin yẹn fi di àdúrà lẹ́nu Coltrane. Ìró mẹ́rin! Kí ni ìka yíyára fẹ́ ṣe níbẹ̀?

Garrison yìí kan náà ló so ọ̀rọ̀ wa mọ́lé. Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò ní agbègbè Badagry, dá ilé àṣà Áfíríkà sílẹ̀ ní Harlem, ní New York. Ibẹ̀ ni Coltrane ti ṣeré ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin, ọdún 1967, kó tó kú ní oṣù keje ọdún náà. Garrison ló ta báàsì fún un lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló sì fi báàsì ṣílẹ̀kùn "My Favorite Things" fún ìgbà pípẹ́. Ọdún 2001 ni àwo náà tó jáde. N kò ní tàn yín: ohùn rẹ̀ kò mọ́, ariwo pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi pé abẹ́ òrùlé ọmọ wa ni irú orin bẹ́ẹ̀ ti wáyé.

KÍ LÓ KÀN WÁ NÍBẸ̀?

Ó kàn wá gan-an. Lóde àríyá wa níbí, kíbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ báyìí. Ẹ̀rọ ló ń ta báàsì. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kọ́ orin, ohun tí yóò gbé wọn síwájú ni wọ́n ń wá. Ẹ̀rọ lè ka ìgbésẹ̀ láìṣì, ṣùgbọ́n kò gbọ́ nǹkan kan. Kò mọ̀ pé ohùn akọrin ti fẹ́ há, kò mọ̀ pé màmá olóde ti dàgbà, pé ó yẹ kí orin rọra kí wọ́n lè jó. Ènìyàn ló mọ̀ ọ́n. Bí a kò bá kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa gbọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀, a ó ní adárin ogún nínú ẹgbẹ́ kan, a kò ní rí ẹni tí yóò gbè é.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ fi "So What" bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ yín. Ẹ má lo sípíkà kékeré ara fóònù, kò lè gbé ohùn báàsì. Ẹ lo íápíìsì tàbí sípíkà tó tóbi. Bí wọ́n bá ní orin àgbàlagbà ni, ẹ sọ fún wọn pé Ron Carter, tó ta báàsì fún Miles Davis, tún ta á nínú àwo "The Low End Theory" tí àwọn olórin rap A Tribe Called Quest gbé jáde ní ọdún 1991. Ní ọdún 2015, ìwé Guinness kà á sí onibáàsì jáàsì tí orin tó ti kópa pọ̀ jù lọ: 2,221. Ẹ̀yìn àwọn ẹlòmíràn ló dúró sí nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ibẹ̀ ló sì ti gba iyì.

Elédùmarè yóò jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa máa ní adárin, yóò sì jẹ́ kí a máa rí ẹni gbè é. Ọ̀pọ̀ ọdún la ó ṣe láyé o. Àṣẹ.